Oníkọ́kọ́rọ́ Tún Jáde ní Ẹ̀jìgbò

Adjamé, Àbíjàn
9 Oṣù Kejì, 2025

Sí Màámi, Alhaja Ummuhani,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀. Ara gbogbo wa le. Mo fẹ́ tètè wọ inú ọ̀rọ̀, torí Lùkmọ́nù awakọ̀ yóò ṣí lọ́la, òun ni yóò sì gbé lẹ́tà yìí fún yín. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn ká sọ ọ̀rọ̀ gidi lórí fóònù. Ẹ ní fóònù kì í jẹ́ kéèyàn rò ó kó tó sọ ọ́.

Níbi ìpàdé àwa ọmọ Ẹ̀jìgbò ní àdúgbò Treichville níbí lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ọ̀rọ̀ dé orí tẹlifíṣọ̀n ayé àtijọ́. Alága wa, ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín, ló dìde. Ó gba gèlè lọ́wọ́ obìnrin kan, ó wé e, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó ní: “Oníkọ́kọ́rọ́, ẹran tí o tì mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, kí ló jí? Ọdún wo lo máa dá a sílẹ̀?”

Màámi, gbogbo ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ló rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Àwọn ọmọ wa tó jókòó sẹ́yìn ń fi Faransé bi ara wọn pé ta ni Oníkọ́kọ́rọ́. Ni mo bá dìde. Mo ní, “Ìyá mi ni Àṣàbí, ìyàwó Oníkọ́kọ́rọ́ nínú eré ọjọ́sí. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, kò sẹ́ni tó ń rìn ní títì Ẹ̀jìgbò, ìdí tẹlifíṣọ̀n ni gbogbo wọn wà, wọ́n ń wo bí ìyá mi ṣe ń bá Bàbá Matthias ará Ifẹ̀-Ọ̀dàn, tó ṣe Oníkọ́kọ́rọ́, jà nítorí ẹran.” Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi bí ẹni pé èmi ni mo ṣeré náà.

Ibẹ̀ ni mo ti pinnu. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá tó ń bọ̀, nígbà tí àwọn ará Àbíjàn bá ti kún Ẹ̀jìgbò, a ó fi eré Oníkọ́kọ́rọ́ hàn nínú gbọ̀ngàn ìlú, lórí ògiri funfun tó tóbi, kí àwọn ọmọ wa lè mọ irú èèyàn tó bí wọn. Ẹ sọ ibi tí àwọn kásẹ́ẹ̀tì wà fún mi. Bí ìwé eré bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ fi nọ́ńbà Bàbá Matthias sí i. Mo fẹ́ èsì kí Lùkmọ́nù tó padà. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé òwò ni pé ètò tí kò ní ọjọ́, àlá ni.

Èmi ni ọmọ yín tí kò lè dúró,
Qàwíyyàt


Ẹ̀jìgbò
3 Oṣù Kẹta, 2025

Qàwíyyàt ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí Nùsírátù ọmọ rẹ àti oyún inú rẹ̀. Ọlọ́run yóò sọ̀ ọ́ tayọ̀tayọ̀. Ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ẹnu mi gbẹ, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò gbààwẹ̀.

Lẹ́tà rẹ dé. Mo kà á tán, mò ń wá ibi tí o ti béèrè orúnkún mi, mi ò rí i. Orúnkún náà wà níbẹ̀ o. Ó ń dùn mí.

Kásẹ́ẹ̀tì tí ò ń wá, kò sí. Nígbà tiwa, kásẹ́ẹ̀tì wọ́n. Bí wọ́n bá ti fi eré hàn lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, orí rẹ̀ náà ni wọ́n máa gba nǹkan mìíràn sí. Gbogbo ìjà tí mo bá Oníkọ́kọ́rọ́ jà, bọ́ọ̀lù ló jókòó lé e lórí.

O tún ní ìwé eré. Ìwé wo? Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa lọ ni ọ̀gá wa ti máa ń yíjú padà sí wa, á ní: “Lónìí, àna Oníkọ́kọ́rọ́ ń bọ̀, ẹran kan ṣoṣo ló sì kù nílé.” Ó parí. Ẹnu ara wa la ti ń fa èyí tó kù yọ. Èmi á da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí òjò. Matthias á wò mí, á wo kọ́bọ́ọ̀dù, á fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ìdí rẹ̀, á tún wò mí. Kò tíì sọ nǹkan kan o, àwọn oníkámẹ́rà ti di ikùn mú. Ìgbà tó bá wá sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ilé á dàrú. Bí mo bá kánjú gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, eré bàjẹ́. Dídúró yẹn gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ìwọ ò mọ èyí. Bàbá rẹ Gàníyù, Ọlọ́run á forí jì í, Àbíjàn ló wà nígbà náà. Ará Masifa kan lọ bá a ní ìsọ̀, ó ní, “Gàníyù, o jókòó síbí ò ń tajà. Ìyàwó rẹ ti fẹ́ ọmọ ìjọ kan ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Ojú mi ni mo fi rí wọn nínú tẹlifíṣọ̀n. Ahun ni ọkùnrin náà pàápàá.” Bàbá rẹ wọkọ̀ wálé láìránṣẹ́. Ó bá Matthias ní pálọ̀ wa, ó ń jẹ iyán. Ó ní, “Ṣé ìwọ ni wọ́n ní o fẹ́ ìyàwó mi?” Matthias wò ó. Ó wo iyán. Ó ní, “Bí o bá máa gbà á padà, jẹ́ kí n jẹ èyí tán ná.”

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n di ọ̀rẹ́, títí bàbá rẹ fi kú.

Ti nọ́ńbà Matthias, a ó máa sọ ọ́. Má kánjú.

Ìyá rẹ tó bí ọ, tí kì í ṣe akọ̀wé rẹ,
Ummuhani


Adjamé, Àbíjàn
17 Oṣù Kẹta, 2025

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ààwẹ̀ o. Orúnkún ńkọ́? Ẹ rí i, mo ti béèrè. Òògùn ìpara wà nínú àpò dúdú tí Lùkmọ́nù gbé bọ̀.

Kò sí kásẹ́ẹ̀tì, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn òṣèré wà láàyè, èyí tiẹ̀ dára jù ú lọ. Ẹ̀yin àti Bàbá Matthias ni kí ẹ gun orí ìtàgé. Mo ti gba gbọ̀ngàn, mo ti sọ fún ẹgbẹ́ wa, àwọn kan ti ní torí èyí nìkan làwọn máa ṣe wálé lọ́dún yìí.

Ohun tí kò yé mi ni pé ẹ kọ ìtàn bàbá mi gbọọrọ, ẹ sì fo ìbéèrè mi bí ẹni fo kòtò. Ṣé torí pé ẹ ti lọ sí Mẹ́kà ni? Ṣé àwọn Alhaja ẹgbẹ́ yín ló ń sọ pé kò yẹ yín mọ́? Ẹ sọ ọ́ kí n mọ ohun tí mò ń bá jà.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi eré yẹn dójú tì yín. Nígbà tí mo wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tíṣà a máa ní kí n dìde, kí kíláàsì wo ọmọ Àṣàbí. Àwọn ọmọ kan ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyá mi ń jà torí ẹran. Inú mi kì í bàjẹ́. Ńṣe ni mo máa ń gbé orí sókè kọjá lọ́dọ̀ wọn. Yàtọ̀ sí ọmọ ọba, ọmọ ta ni wọ́n tún mọ̀ láti Ẹ̀jìgbò dé Ara, dé Masifa?

Mo ń retí bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Qàwíyyàt


Adjamé, Àbíjàn
13 Oṣù Kẹrin, 2025

Màámi,

Ẹ kú ọdún ìtúnu tó kọjá. Ọkọ̀ Lùkmọ́nù lọ, ó bọ̀, ó tún lọ, ó tún bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ó ní ẹ ní kí òun kí mi. Ìkíni kì í ṣe èsì. Mo pè yín lórí fóònù, atẹ́gùn ni mo ń gbọ́, ẹ ní orí ọ̀kadà lẹ wà. Kí lẹ ń bá ọ̀kadà ṣe pẹ̀lú orúnkún yẹn?

Mi ò lè máa fi ojú sọ́nà mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Òṣogbo, Kọ́lápọ̀ lorúkọ rẹ̀. Eré apanilẹ́rìn-ín kéékèèké ló ń ṣe sórí fóònù, àwọn ọ̀dọ́ sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Nígbà tí ẹ ò fún mi ní Bàbá Matthias, òun ni yóò ṣe Oníkọ́kọ́rọ́. Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín láti dán eré náà wò. Mo ti ní kí wọ́n tẹ pósítà, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ ní Ẹ̀jìgbò, ní Masifa, ní Ara àti ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Fọ́tò yín wà lápá ọ̀tún, tirẹ̀ wà lápá òsì, ó dé irú fìlà Oníkọ́kọ́rọ́, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí. Ó dára, ẹ máa fẹ́ràn rẹ̀.

Bí ẹ bá ní ohun tí ẹ fẹ́ sọ, àsìkò nìyí.

Ọmọ yín,
Qàwíyyàt


Ẹ̀jìgbò
21 Oṣù Kẹrin, 2025

Qàwíyyàt,

Mo kí ọ. Kí ìyẹn ṣì tó ná.

Wàràwàrà rẹ ti ba nǹkan jẹ́. Jókòó kí o tó ka èyí.

Láti ọdún tó kọjá ni àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu Matthias. Apá ọ̀tún rẹ̀ ti ń gbé díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ọ̀pá rìn. Ọ̀rọ̀ ló ṣòro. Orí rẹ̀ pé, ó mọ ohun tó fẹ́ sọ, ẹnu ni kì í tètè jẹ́ ẹ. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni ní Àbíjàn. Kò fẹ́ kí àwọn tó mọ òun sí Oníkọ́kọ́rọ́ máa mi orí, kí wọ́n máa ní “ó mà ṣe o.” Mo ṣèlérí fún un. Ohun tó dí mi lẹ́nu nìyẹn, kì í ṣe Mẹ́kà. Àwọn Alhaja tí ò ń bú, àwọn gan-an ló máa ń ní kí n ṣe Àṣàbí fún àwọn bí a bá ṣe wàásù tán.

Ọ̀kadà tí o gbọ́ yẹn, Ifẹ̀-Ọ̀dàn ló ń gbé mi lọ. Bí mo bá débẹ̀, a ó jókòó sábẹ́ ìbòòji, èmi á máa bú u bí Àṣàbí ṣe máa ń bú ọkọ rẹ̀, òun á máa wá ọ̀rọ̀ tó máa fi dá mi lóhùn. Ìyàwó rẹ̀ Ọmọpẹ́ ní ọjọ́ tí mo bá wá nìkan ló máa ń gbìyànjú àtisọ̀rọ̀. Mi ò dárúkọ ìtàgé fún un rí. Mo gbà pé ó ti kọjá ìyẹn.

Pósítà rẹ ṣáájú mi débẹ̀. Ògiri tó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Lánàá tí í ṣe ọdún Àjíǹde, bí Matthias ṣe ń fi ọ̀pá jáde láti ìsìn, ó rí fìlà rẹ̀ lórí ẹlòmíràn. Ọmọpẹ́ ní ó dúró pẹ́. Ó wá ní, “Wọ́n ti pín ogún mi. Mi ò sì tíì kú.” Ó wọlé. Nígbà tí mo débẹ̀ lónìí, ó kọ̀, kò jáde sí mi. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo bú u títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Mo gun ọ̀kadà padà wálé.

Kọ́lápọ̀ rẹ náà wá. Ọmọ dáadáa ni, ó dọ̀bálẹ̀, ó jẹun tán, ó fọ abọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ti bẹ̀rẹ̀ eré, mi ò tíì mí, ó ti dáhùn. Mo ní, “Kọ́lápọ̀, dúró.” Ó ní, “Màmá, bí mo bá dúró, wọ́n á fi ìka sún mi kọjá lórí fóònù.” Mo ní, “Ta ló fẹ́ fi ìka sún èmi kọjá nínú gbọ̀ngàn?”

Mi ò ní fẹ́ ọkọ mìíràn lórí ìtàgé. Yọ orúkọ mi kúrò.

Ummuhani


Adjamé, Àbíjàn
27 Oṣù Kẹrin, 2025

Màámi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, èmi obìnrin. Lẹ́tà yín dé, ìdúró ni mo fi kà á. Mo pe Òṣogbo lójú ẹsẹ̀, wọ́n ti ń ya gbogbo pósítà náà, Ifẹ̀-Ọ̀dàn ni mo ní kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ fún Bàbá Matthias pé ọwọ́ mi ló ti wá, ọwọ́ yín mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè nǹkan kan, ẹ má bínú. Ta ló bi í bóyá ó fẹ́ ṣeré? Mọ́mì Ọmọpẹ́ ò bi í. Ẹ̀yin ò bi í. Èmi lọ fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ láìbéèrè. Gbogbo wa la ti bá a dáhùn, òun nìkan ni kò tíì sọ̀rọ̀. Ẹ ní ó ti kọjá ìyẹn. Ṣé òun ló sọ ọ́ fún yín?

Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sí mi pé dídúró ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹnu rẹ̀ bá wá ń pẹ́ kó tó dáhùn, ta nínú gbọ̀ngàn yẹn ló máa mọ ibi tí àìsàn parí sí tí eré ti bẹ̀rẹ̀? Mi ò kọ́ ìṣègùn, bóyá mò ń sọ̀rọ̀ òpè. Ẹ lọ bi í tààrà, lójú ara rẹ̀. Bí ó bá ní rárá, mo fagi lé ètò náà lọ́jọ́ náà, kí ẹgbẹ́ máa bú mi. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ sọ ohun tó nílò. Mi ò tún fẹ́ gbọ́ “a ó máa sọ ọ́.”

Qàwíyyàt


Ẹ̀jìgbò
16 Oṣù Karùn-ún, 2025

Qàwíyyàt ọmọ Gàníyù,

Ojú ọ̀nà bàbá rẹ lo ń tọ̀, òun náà kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Mo bínú sí lẹ́tà rẹ. Mo ká a, mo tì í sábẹ́ ìrọ̀rí. Nígbà tí ìbínú náà rọ̀, mo rí i pé ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni òótọ́ inú rẹ̀. Mo gun ọ̀kadà.

Matthias ti jáde síta, ó jókòó. Ọmọpẹ́ ń já ẹ̀fọ́. Mo ní, “Matthias, Qàwíyyàt ní kí n bi ọ́. Ṣé o máa bá mi ṣeré lọ́jọ́ kẹta Iléyá, àbí kí wọ́n fagi lé e?”

Ọmọpẹ́ fẹ́ dáhùn. Mo gbọ́wọ́ sókè sí i. Matthias wò mí. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀fọ́ ọwọ́ Ọmọpẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kó tó lanu. Ó ní, “Ta ló máa gbé kọ́bọ́ọ̀dù?”

Ọmọpẹ́ bú sẹ́kún. Èmi bú sẹ́rìn-ín.

Mo tún bi í, torí ó yẹ kí n bi í: “Bí wọ́n bá ń tìtorí ẹnu rẹ rẹ́rìn-ín ńkọ́?” Ó ní, “Ẹ̀rín ni mo fi jẹun. Àánú ni mi ò fẹ́.”

Nítorí náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kọ́lápọ̀ ni yóò ṣe àna tó wá jẹ ẹran, òun náà ni yóò gbé kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ti ń bá mi lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ débẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún Matthias nítorí fìlà, Matthias sì fi ọ̀pá gbá a ní ìdí díẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Matthias ní ọmọ náà ní ẹ̀bùn, ó kàn ń bẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́ ni.

Ẹ̀rù ń ba èmi náà, Qàwíyyàt. Bí ọ̀rọ̀ bá kọ̀ tí kò jáde rárá lójú gbogbo ayé, kí ni mo máa ṣe? Mo lè fi ọ̀rọ̀ tèmi bò ó mọ́lẹ̀. Ó ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má dán an wò.

Ìyá rẹ,
Ummuhani


Adjamé, Àbíjàn
1 Oṣù Kẹfà, 2025

Màámi,

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún. Ọ̀rọ̀ tó dùn mí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ: mi ò ní lè wá. Dókítà ti dá Nùsírátù dúró sílé ìwòsàn, ó lè bí nígbàkígbà, mi ò sì lè fi ọmọ mi sílẹ̀ níbẹ̀. Èmi tí mo ṣètò eré, èmi ni mi ò ní wò ó.

Ẹ ka èyí sétí olóòtú ètò kó tó gba makirofóònù. Kò gbọdọ̀ ní kí ará ìlú gbàdúrà fún Bàbá Matthias kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ wọ́n, wọ́n fẹ́ràn àdúrà jù. Kò gbọdọ̀ sọ pé ara bàbá ò yá. Kó pe Àṣàbí, kó pe Oníkọ́kọ́rọ́, kó bọ́ sílẹ̀. Bí Bàbá Matthias bá dákẹ́, kí ẹnikẹ́ni má pàtẹ́wọ́ bò ó, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé orin sí i. Kí wọ́n dúró. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, èmi tí ẹ mọ̀ sí ẹni tí kì í dúró.

Màámi, ìwúrí mi ni yín. Ibi yòówù tí mo bá wà lọ́jọ́ náà, ọmọ Àṣàbí ni mí.

Qàwíyyàt


Ẹ̀jìgbò
10 Oṣù Kẹfà, 2025

Qàwíyyàt, ìyá ọlọ́mọ, ìyá àgbà tuntun,

Lùkmọ́nù ti mú ìròyìn dé pé Nùsírátù sọ̀ láyọ̀, obìnrin ni. Alhamdulillahi. Fi omi gbígbóná tọ́jú rẹ̀ dáadáa, má jẹ́ kó tètè dìde.

Jẹ́ kí n wá ròyìn fún ọ, ìwọ tí o kò sí níbẹ̀.

Gbọ̀ngàn kún, àwọn kan wà lójú fèrèsé. Àwọn ará Àbíjàn jókòó síwájú pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Ará Masifa wá, ará Ara wá, gbogbo ìjọ Matthias wá láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Àdúrà ń yún olóòtú ètò lẹ́nu, mo ń wò ó, ó gbé e mì. Ó pè wá, ó bọ́ sílẹ̀.

Matthias fi ọ̀pá wọlé, kọ́kọ́rọ́ ń dún ní ìdí rẹ̀. Àwọn àgbà hó yèè. Kọ́lápọ̀ ti jókòó gẹ́gẹ́ bí àna, ó gbé àwo òfìfo lé itan. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo bú Oníkọ́kọ́rọ́ láti orí fìlà dé ẹsẹ̀. Mo ní, “Àna rẹ rìn wá láti ọ̀nà jíjìn. Ìgbà wo lo máa ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yìí?” Mo dákẹ́.

Ó wò mí. Ó wo kọ́bọ́ọ̀dù. Ó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Ó la ẹnu, kò sí nǹkan tó jáde. Mo mọ ọkùnrin náà, Qàwíyyàt, ìyẹn kì í ṣe eré. Mo rí i tí iṣan ọrùn rẹ̀ dìde. Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn. Ọmọpẹ́ ti tẹríba. Ọ̀rọ̀ kún ẹnu mi, mo fi eyín dè é mọ́bẹ̀. Kọ́lápọ̀ ò mira. Ó kàn di àwo rẹ̀ mú, ó tẹjú mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù bí ẹni tí ebi ti fẹ́ pa.

Matthias rí i. Ó rọra yíjú sí àwo Kọ́lápọ̀, ó wò ó bí ẹni tó rí olè. Ibi tí àwọn ọmọ Àbíjàn jókòó sí ni ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀, àwọn tí Yorùbá ò tíì yé dáadáa. Ó ràn dé àárín. Ó ràn dé ojú fèrèsé. Matthias jẹ́ kó rọlẹ̀, ó wá sọ ọ́, ó là kedere:

“Lọ́la.”

Gbọ̀ngàn dàrú. Alága yín tí kì í rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi fìlà fẹ́ ẹ.

Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò tíì balẹ̀. Nígbà tí eré parí tí wọ́n ń wá kí wa, ojú wọn ni mò ń ṣọ́, bóyá àánú ni wọ́n gbé bọ̀. O mọ̀ pé láti ìgbà tí àìsàn yìí ti dé, ohùn pẹ̀lẹ́ ni gbogbo èèyàn fi ń bá Matthias sọ̀rọ̀, bí ẹni ń kí olókùú. Obìnrin kan láti Ara wá síwájú, irun rẹ̀ ti funfun, ó gbé oúnjẹ tí wọ́n pín fún un dání, ẹran wà lórí rẹ̀. Kò kí i pé ẹ kú àmódi. Ó nàka sí i lójú. Ó ní, “Ìwọ ahun yìí, o ò tíì yí padà? Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọge ni obìnrin yìí ti ń bẹ̀ ọ́. Ṣé ojú ò tì ọ́ ni?”

Ọmọpẹ́ di ọwọ́ mi mú. Matthias na ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́ lórí ọ̀pá, ó ga bí ìgbà tí a wà ní ọ̀dọ́. Ó wo obìnrin náà. Ó wo ẹran ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo wa dúró, obìnrin náà pẹ̀lú dúró. Ó na ọwọ́ sí i, ó ní, “Mú un wá, kí n bá ọ tì í.”

Ìyá rẹ,
Àṣàbí